Ojú Bàbá kò gbọdọ̀ wọnú agbádá: bí a ṣe ń fi Java sọ àwòrán di dúdú-òun-funfun

Ẹni tó bá fẹ́ fi Java kọ prógíráàmù tó ń sọ àwòrán aláwọ̀ di dúdú-òun-funfun, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó ro pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù pọ̀, kó pín in sí mẹ́ta, ó parí. Kò parí o. Bí àwọn tó wà nínú àwòrán yín bá dúdú bíi tiwa, tí wọ́n sì fẹ́ràn agbádá búlúù, ìpín-sí-mẹ́ta yẹn gan-an ni yóò ba iṣẹ́ yín jẹ́. Màá fi nọ́ńbà hàn yín láìpẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Kubwa, níbí ní Àbújá. Ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, ti ìgbéyàwó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ará Kàbà àti Ìsánlú tó ń gbé Àbújá, bí wọ́n bá ní òkú tí wọ́n fẹ́ lọ sin nílé, ibí ni wọ́n ti ń tẹ ìwé náà kí wọ́n tó dì í sẹ́yìn ọkọ̀ gba Lọ́kọ́jà lọ. Èèpo ìwé la máa ń tẹ̀ ní aláwọ̀. Ojú ewé inú, orí Riso, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, ló ń lọ, àwọ̀ kan ṣoṣo ni Riso tiwa sì ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn dúdú. Nítorí náà, gbogbo àwòrán Bàbá, látorí èyí tó yà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì títí dé ti ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún, gbọ́dọ̀ di dúdú-òun-funfun kó tó dé orí ẹ̀rọ. Photoshop lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá kó àwòrán ogójì wá lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí ìsìn ìdágbére jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ ò ní fẹ́ máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì fẹ́ kí gbogbo wọn jáde bákan náà, kì í ṣe bó ṣe wu ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn.

Nọ́ńbà mẹ́ta di ẹyọ kan

Píksẹ́lì ni àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà mẹ́ta: iye pupa, iye àwọ̀ ewé, iye búlúù, látorí 0 dé 255. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 0, dúdú kirikiri ni. Bí wọ́n bá jẹ́ 255, funfun báláú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba láàárín, àwọ̀ eérú ló ń jáde. Gbogbo iṣẹ́ wa kò ju pé ká sọ nọ́ńbà mẹ́ta di ẹyọ kan lọ. Ibi tí wàhálà wà ni ẹyọ wo.

Ẹ jẹ́ ká mú irú àwòrán tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́. Bàbá àgbà kan wọ agbádá búlúù, ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó wé gèlè yẹ́lò. Ká ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá ní pupa 110, ewé 70, búlúù 50. Agbádá rẹ̀ ní 30, 50, 140. Gèlè Màmá ní 230, 200, 40. Ẹ ro wọ́n pọ̀, kí ẹ pín wọn sí mẹ́ta: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á jẹ́ 76, agbádá á jẹ́ 73, gèlè á jẹ́ 156.

Ẹ wo 76 àti 73 yẹn dáadáa. Kọ̀ǹpútà mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n lórí bébà tí Riso tẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ Ìlọrin tí kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kan ti yí fúnra rẹ̀ kó tó gbé e wá, ó ní, “Àǹtí, ojú Bàbá ti wọnú agbádá o.” Bẹ́ẹ̀ ló rí. Fìlà ń dá léfòó lókè, ọwọ́ wà nísàlẹ̀, àárín kàn ṣú ni.

Ojú èèyàn kì í ka àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọgbọọgba. Àwọ̀ ewé ló ń mọ́lẹ̀ jù lójú wa, pupa tẹ̀lé e, búlúù ló gbẹ̀yìn pátápátá. Àwọn onímọ̀ tẹlifíṣọ̀n ti mọ èyí tipẹ́, nítorí nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dé, ẹni tó ṣì ní ti dúdú-òun-funfun nílé gbọ́dọ̀ lè wo ètò kan náà kí ojú òṣèré má sì wọnú aṣọ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ló wọnú ìlànà tí wọ́n ń pè ní Rec. 601, tó jáde ní 1982: ẹ fi 0.299 mú pupa, 0.587 mú ewé, 0.114 mú búlúù, kí ẹ wá ro wọ́n pọ̀. Ìlànà tó tẹ̀lé e fún tẹlifíṣọ̀n HD, Rec. 709 ti 1990, ní ìwọ̀n tirẹ̀: 0.2126, 0.7152, 0.0722.

Pẹ̀lú ìwọ̀n 601, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá di 79, agbádá di 54, gèlè di 190. Ojú ti jáde kúrò nínú aṣọ. Pẹ̀lú ti 709, ojú á jẹ́ 77, agbádá 52, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìjà. Àwọn kan lè bá yín jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí èyí tó tọ́ jù nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á. 601 ni mo ń lò, nítorí òun ni Java fúnra rẹ̀ ń lò nígbà tí ẹ bá fi Graphics2D, irinṣẹ́ ìyàwòrán rẹ̀, ya àwòrán aláwọ̀ sórí àwòrán aláwọ̀ eérú, mo sì fẹ́ kí èsì mi àti tirẹ̀ bára mu.

Bí ẹnì kan bá ṣì ń ṣiyè méjì, kí ó wo aṣọ ẹbí. Ẹbí ọkọ wọ pupa tó mọ́ gaara, ẹbí ìyàwó wọ búlúù, àwọn ọ̀rẹ́ wọ àwọ̀ ewé. Ìpín-sí-mẹ́ta á sọ gbogbo wọn di 85, kò ní sí ẹni tó máa mọ ẹbí wo ló wà lápá ọ̀tún. Kóòdù tó wà nísàlẹ̀ yìí á fún pupa ní 76, búlúù ní 28, ewé ní 149.

Kóòdù náà

Ẹ ò nílò ilé ìkóhun-sí (library) ẹlòmíràn kankan. Ohun gbogbo wà nínú Java fúnra rẹ̀.

```java
import java.awt.*;
import java.awt.image.*;
import java.io.*;
import javax.imageio.*;
import javax.imageio.stream.ImageOutputStream;
import javax.swing.*;
import javax.swing.filechooser.FileNameExtensionFilter;

public class Eeru {

  static BufferedImage soDiEeru(BufferedImage orisun) {
    int w = orisun.getWidth(), h = orisun.getHeight();

    // kọ́kọ́ gbé e sórí bébà funfun
    BufferedImage rgb = new BufferedImage(w, h, BufferedImage.TYPE_INT_RGB);
    Graphics2D g = rgb.createGraphics();
    g.setColor(Color.WHITE);
    g.fillRect(0, 0, w, h);
    g.drawImage(orisun, 0, 0, null);
    g.dispose();

    int[] awo = ((DataBufferInt) rgb.getRaster().getDataBuffer()).getData();
    BufferedImage eeru = new BufferedImage(w, h, BufferedImage.TYPE_BYTE_GRAY);
    byte[] jade = ((DataBufferByte) eeru.getRaster().getDataBuffer()).getData();

    for (int i = 0; i < awo.length; i++) {
      int p = awo[i];
      int pupa = (p >> 16) & 0xFF;
      int ewe  = (p >> 8) & 0xFF;
      int bulu = p & 0xFF;
      jade[i] = (byte) ((77 * pupa + 150 * ewe + 29 * bulu) >> 8);
    }
    return eeru;
  }
```

Ẹ óò rí i pé 0.299 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo ti fi 256 sọ wọ́n di púpọ̀, mo sì sọ wọ́n di nọ́ńbà odidi: 77, 150, 29. Bí ẹ bá ro wọ́n pọ̀, 256 gééré ni, ìdí nìyẹn tí funfun fi ń dúró sí 255 láìyẹsẹ̀. `>> 8` tó wà níparí ló ń pín in padà sí 256.

Bébà funfun tí mo kọ́kọ́ tẹ́ yẹn kì í ṣe àṣejù. Lógò ṣọ́ọ̀ṣì àti báàjì ẹgbẹ́, PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Àwòrán TYPE_BYTE_GRAY, ìyẹn irú àwòrán aláwọ̀ eérú tí Java ní, kò mọ ohun tó ń jẹ́ òfìfo. Bí ẹ kò bá tẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, ibi tó ṣófo á di dúdú, lógò á sì jáde bí ẹni tó jókòó sínú àpótí èédú. Àǹfààní kejì ni pé irú àwòrán yòówù kó wọlé, ọ̀nà kan náà ni píksẹ́lì rẹ̀ á gbà tò nígbà tó bá dé inú `awo`, a ò ní máa béèrè bóyá BGR ni tàbí RGB, ìyẹn bóyá búlúù ló ṣáájú tàbí pupa.

Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tí ẹ óò rí níta ń lo getRGB àti setRGB fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé Java gbà pé àwọ̀ eérú inú TYPE_BYTE_GRAY ń tẹ̀lé iye ìmọ́lẹ̀ gan-an, tí àwọ̀ orí JPEG àti orí síkíríìnì sì ń tẹ̀lé bí ojú ṣe ń rí i. Nítorí náà, bí ẹ bá fi getRGB béèrè píksẹ́lì tó jẹ́ 79 nínú àwòrán yẹn, nǹkan bíi 151 ló máa sọ fún yín. Ẹ ó máa rò pé ìṣirò yín ló bàjẹ́. Ìṣirò yín dára, getRGB ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ tààrà sínú DataBuffer bí mo ṣe ṣe, tàbí kí ẹ lo getSample àti setSample lórí Raster. Nọ́ńbà tí ẹ fi síbẹ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Ìdí kan náà ni mi ò fi ń lo ColorConvertOp, tí Java fi ń yí àwọ̀ padà, pẹ̀lú CS_GRAY, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo ni. Èmi fẹ́ mọ nọ́ńbà tó ń lọ sórí bébà. Ti GrayFilter inú Swing, apá Java tí a fi ń ṣe fèrèsé, ẹ má tilẹ̀ yà síbẹ̀: bọ́tìnnì tí a ti pa ni wọ́n ṣe é fún, ó máa ń ṣá fọ́tò.

Nígbà tí mo bá yẹ̀ kúrò lórí 77, 150, 29

Ìwọ̀n yẹn ló dára fún ọ̀pọ̀ àwòrán. Ṣùgbọ́n àwòrán àtijọ́ tí ẹbí yọ láti inú áábọ́ọ̀mù, tó ti pọ́n rúsúrúsú, tí omi ti tọ́ sí, tí eruku ọyẹ́ ọdún gbọọrọ ti wọ̀ lára, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Àbààwọ́n rúsúrúsú máa ń gbé búlúù mì, kì í fi bẹ́ẹ̀ kan pupa. Bí ẹ bá mú pupa nìkan, tí ẹ sọ ìlà tó kẹ́yìn yẹn di

```java
      jade[i] = (byte) pupa;
```

ọ̀pọ̀ nínú àbààwọ́n náà á kàn pòórá. Ojú èèyàn dúdú náà á tún mọ́lẹ̀ sí i, torí pé pupa ló pọ̀ jù nínú àwọ̀ ara wa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá wa àkọ́kọ́ á di 110, agbádá rẹ̀ á di 30.

Ẹ máa ṣọ́ra o. Pupa nìkan máa ń dán ojú. Ìhunjọ á dín kù, èyí tí àwọn ìyá kan á tìtorí rẹ̀ gbàdúrà fún yín, ṣùgbọ́n ilà ojú náà á parẹ́ mọ́ ọn. Bàbá tó ní àbàjà tàbí pélé, tí ẹbí wá rí i lójú ìwé kẹta pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé, àwọn àgbà ẹbí yóò béèrè ta lẹ̀ ń sin. Àwọ̀ ewé ló ń gbé ilà jáde jù. Fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí kò ní àbààwọ́n, mo máa ń fi `ewe` nìkan síbẹ̀, màá sì tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ó bá ní àbààwọ́n tó sì tún ní ilà, ìdajì pupa ìdajì ewé ni, ojú yín ni yóò sọ ibi tí ẹ ó dúró.

Ìmọ́lẹ̀ fún Riso

Àwòrán tó dára lórí síkíríìnì máa ń ṣú sí i lórí bébà, nítorí yíǹkì máa ń tàn ju ibi tí a fi í sí lọ, pàápàá lórí bébà tí kì í dán. Ojú dúdú ni ìyẹn máa ń kọ́kọ́ pa. Ohun tó yẹ ni ká gbé àárín sókè láìfọwọ́ kan dúdú kirikiri àti funfun báláú.

```java
  static void tanImole(BufferedImage b, double iwon) {
    byte[] d = ((DataBufferByte) b.getRaster().getDataBuffer()).getData();
    byte[] tabili = new byte[256];
    for (int i = 0; i < 256; i++)
      tabili[i] = (byte) Math.round(255 * Math.pow(i / 255.0, 1 / iwon));
    for (int i = 0; i < d.length; i++)
      d[i] = tabili[d[i] & 0xFF];
  }
```

Bí `iwon` bá jẹ́ 1.2, ojú Bàbá á kúrò ní 79 bọ́ sí 96, agbádá á kúrò ní 54 bọ́ sí 70, gèlè Màmá á kúrò ní 190 bọ́ sí 200. 1.2 ló bá Riso tiwa mu. Ẹ tẹ ojú ewé kan ṣoṣo wò lórí ẹ̀rọ tiyín kí ẹ tó gbà á gbọ́. `& 0xFF` inú ìlà yẹn ṣe pàtàkì: báìtì Java ń kà láti -128 dé 127, bí ẹ bá sì yọ ọ́ kúrò, prógíráàmù á wá nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo nínú tábìlì, á sì ṣubú ní ibi tó mọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá bá pàdé.

Ohun tí oníbàárà ń kó wá

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí ju ìṣirò lọ. ImageIO, apá Java tó ń ka fáìlì àwòrán, mọ JPEG, PNG, GIF àti BMP. Láti Java 9, ó mọ TIFF. Kò mọ WebP, kò sì mọ HEIC tí iPhone ń yà. Kì í sì í pariwo bí kò bá mọ fáìlì: `null` ló máa dá padà fún yín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, prógíráàmù á wá kú ní ìlà mìíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ máa yẹ `null` wò nígbà gbogbo. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ fáìlì tàn yín, torí mo ti rí WebP tí wọ́n kọ .jpg sí nídìí.

JPEG tí ilé ìtẹ̀wé mìíràn ti sọ di CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀wé, fún èèpo ìwé náà wà. Ìyẹn, ImageIO máa ń ju àṣìṣe “Unsupported Image Type”. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́.

Àwòrán tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Fóònù kì í sábà yí píksẹ́lì padà nígbà tí ẹ bá dì í mú lóòró. Ó kàn ń kọ ọ́ sínú EXIF, àkọsílẹ̀ tó wà nínú fáìlì àwòrán, pé “ẹ yí mi kí ẹ tó wò mí”. ImageIO kì í ka ìyẹn. Lórí èyí tí a ń lò ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi bọ́tìnnì kan sí i (kò sí nínú kóòdù fèrèsé tó wà nísàlẹ̀) tó ń yí àwòrán sápá ọ̀tún, ọmọ iṣẹ́ á sì tẹ̀ ẹ́ títí orí Bàbá á fi wà lókè:

```java
  static BufferedImage yiSotun(BufferedImage a) {
    int w = a.getWidth(), h = a.getHeight();
    BufferedImage b = new BufferedImage(h, w, BufferedImage.TYPE_BYTE_GRAY);
    for (int y = 0; y < h; y++)
      for (int x = 0; x < w; x++)
        b.getRaster().setSample(h - 1 - y, x, 0, a.getRaster().getSample(x, y, 0));
    return b;
  }
```

Ilé-ìkóhun-sí kan wà tó lè ka EXIF fún yín, ṣùgbọ́n fún ṣọ́ọ̀bù wa, bọ́tìnnì yìí tó.

Fèrèsé

Swing ti dàgbà, kò sì rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó lọ. Òfin kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lọ́kùn-ún-kúndùn: ẹ má ṣe yí àwòrán nínú okùn (thread) tó ń ya fèrèsé. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì á tẹ̀ wọlé, kò ní jáde, fèrèsé á di funfun, ẹni tó ń lò ó á sì pa á torí ó rò pé ó ti kú. SwingWorker, tó ti wà nínú Java láti ẹ̀dà 6, ni kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún.

```java
  static void siFerese() {
    JFrame ferese = new JFrame("Eérú");
    JLabel aaye = new JLabel("", SwingConstants.CENTER);
    JButton yan = new JButton("Yan àwòrán");
    yan.addActionListener(e -> {
      JFileChooser fc = new JFileChooser();
      fc.setMultiSelectionEnabled(true);
      fc.setFileFilter(new FileNameExtensionFilter(
          "Àwòrán", "jpg", "jpeg", "png", "bmp"));
      if (fc.showOpenDialog(ferese) != JFileChooser.APPROVE_OPTION) return;
      File[] awon = fc.getSelectedFiles();
      yan.setEnabled(false);

      new SwingWorker<String, ImageIcon>() {
        protected String doInBackground() {
          StringBuilder aleebu = new StringBuilder();
          for (File f : awon) {
            try {
              BufferedImage o = ImageIO.read(f);
              if (o == null) throw new IOException("Java kò mọ irú fáìlì yìí");
              BufferedImage b = soDiEeru(o);
              tanImole(b, 1.2);
              String oruko = f.getName().replaceFirst("\\.[^.]+$", "");
              pamo(b, new File(f.getParentFile(), oruko + "_eeru.jpg"));
              publish(kekere(b));
            } catch (IOException ex) {
              aleebu.append(f.getName()).append(": ")
                    .append(ex.getMessage()).append("\n");
            }
          }
          return aleebu.toString();
        }
        protected void process(java.util.List<ImageIcon> a) {
          aaye.setIcon(a.get(a.size() - 1));
        }
        protected void done() {
          yan.setEnabled(true);
          try {
            String s = get();
            if (!s.isEmpty()) JOptionPane.showMessageDialog(ferese, s);
          } catch (Exception ex) {
            JOptionPane.showMessageDialog(ferese, ex.getMessage());
          }
        }
      }.execute();
    });
    ferese.add(yan, BorderLayout.NORTH);
    ferese.add(new JScrollPane(aaye), BorderLayout.CENTER);
    ferese.setSize(700, 700);
    ferese.setDefaultCloseOperation(JFrame.EXIT_ON_CLOSE);
    ferese.setVisible(true);
  }

  static ImageIcon kekere(BufferedImage b) {
    int w = 600, h = Math.max(1, b.getHeight() * w / b.getWidth());
    BufferedImage k = new BufferedImage(w, h, BufferedImage.TYPE_INT_RGB);
    Graphics2D g = k.createGraphics();
    g.setRenderingHint(RenderingHints.KEY_INTERPOLATION,
        RenderingHints.VALUE_INTERPOLATION_BILINEAR);
    g.drawImage(b, 0, 0, w, h, null);
    g.dispose();
    return new ImageIcon(k);
  }
```

Ẹ kíyè sí i pé fáìlì kan tí kò dáa kò dá àwọn tó kù dúró. Gbogbo àléébù ń kóra jọ, wọ́n á sì jáde pọ̀ níparí, kí ọmọ iṣẹ́ lè pe ẹbí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mẹ́ta yìí kò ṣí.”

Mo fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ orí bọ́tìnnì, ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Java 18, javac gbà pé UTF-8 ni fáìlì yín. Bí ẹ bá ṣì ń lo èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ lórí Windows, ẹ fi `-encoding UTF-8` sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ “àwòrán” á jáde bí ohun tí adìyẹ tú.

Ní ti mẹ́mọ́rì: fọ́tò fóònù tó jẹ́ 4000 ní 3000, mílíọ̀nù méjìlá píksẹ́lì ni. `rgb` nìkan á jẹ báìtì mílíọ̀nù 48, orísun rẹ̀ sábà máa ń jẹ 36, eérú á jẹ 12. Níwọ̀n bí a ti ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, `-Xmx512m` tó. Ẹni tó bá kó ogójì sínú List kó tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò rí OutOfMemoryError.

Ìpamọ́

`ImageIO.write` lásán ń lo ìwọ̀n dídára 0.75 fún JPEG. Ó tó fún WhatsApp. Lórí bébà, etí fìlà á máa ní ìdọ̀tí kéékèèké. Nítorí náà:

```java
  static void pamo(BufferedImage b, File f) throws IOException {
    f.delete();
    ImageWriter k = ImageIO.getImageWritersByFormatName("jpg").next();
    ImageWriteParam p = k.getDefaultWriteParam();
    p.setCompressionMode(ImageWriteParam.MODE_EXPLICIT);
    p.setCompressionQuality(0.92f);
    try (ImageOutputStream o = ImageIO.createImageOutputStream(f)) {
      k.setOutput(o);
      k.write(null, new IIOImage(b, null, null), p);
    } finally {
      k.dispose();
    }
  }

  public static void main(String[] a) {
    SwingUtilities.invokeLater(Eeru::siFerese);
  }
}
```

`f.delete()` tó ṣáájú yẹn, ẹ má yọ ọ́. createImageOutputStream kì í gé fáìlì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrú. Bí tuntun bá kéré ju ti àná lọ, ìrù ti àná á ṣì wà nídìí rẹ̀. Orúkọ `_eeru` tí mo fi kún un sì wà nítorí àwòrán oníbàárà fúnra rẹ̀. Òmíràn nínú wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lágbàáyé, Màmá yóò sì béèrè rẹ̀ padà ní aláwọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe férémù fún ìrántí ọdún kan.

Láti Java 11, ẹ ò nílò kí ẹ kọ́kọ́ lo javac. Ẹ pe fáìlì náà ní Eeru.java, kí ẹ ṣí tẹ́mínà nínú fóldà rẹ̀, kí ẹ tẹ `java -Xmx512m Eeru.java`. Lórí kọ̀ǹpútà ọmọ iṣẹ́, mo kọ ìlà kan náà sínú fáìlì .bat, mo gbé e sórí désíkítọ́ọ̀pù. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń yan àwòrán, ó sì ń lọ gbọ́ ti bébà tó há sínú Riso.